Ohùn Tí Wọ́n Kà Lọ

Bí ẹnìkan bá gbé ìwé wá fún ọ pé kí o bá òun tẹ̀ ẹ́, ojú ni kí o fi kà á. Má fi ẹnu kàn án. Àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn kì í ka lẹ́tà sókè mọ́, kódà kó jẹ́ lẹ́tà ìkíni. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ìwé náà. Wọ́n á wo ẹni tó mú un wá. Wọ́n á tún wo ilẹ̀kùn.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà dé bá, Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Kì í ṣe pé ó ń rìn jẹ́jẹ́ o. Ẹnu rẹ̀ ni. Bó bá ń tẹ̀wé, ètè rẹ̀ á máa mì, á máa ka gbogbo ohun tó ń tẹ̀ lábẹ́ èémí, bí ẹni ń gbàdúrà sórí oúnjẹ. Ìwé mẹ́fà péré ló kà kí bàbá rẹ̀ tó kú. Bó ṣe kọ́ ìwé kíkà nìyẹn, bó sì ṣe ń kà á títí dòní nìyẹn. Tó bá pa ẹnu dé, ọwọ́ rẹ̀ á dúró.

Ọdún méjìlélógún ló fi tẹ̀wé ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Àwọn méjì ló wà ní yàrá náà. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Sísì Onírúlà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi rúlà àti pẹ́ńsùlù fa ìlà sórí ìwé. Tó bá kọ ọ́ tán, á fi rọ́bà pa ìlà náà rẹ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tábìlì kojú tábìlì. Wọ́n jọ ṣọ̀fọ̀ òkú ara wọn, wọ́n jọ bú ọ̀gá, wọ́n jọ mọ ibi tí ara ti ń dun ara wọn.

Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé, oníkálùkù gba yàrá tirẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì fún àwọn tí kò ní ọ́fíìsì. Títẹ̀ ìwé, fótókọ́pì, dídì ìwé pọ̀, fífi ọ̀rá bo sàtífíkéètì. Kò sí aburú níbẹ̀. Àmọ́ ilé kan náà ni wọ́n gbà á sí. Onírúlà wà nísàlẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Jẹ́jẹ́ wà lókè, àjà kẹta.

"Ìwọ náà lo gba ibí?" ni Onírúlà wí lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, tí tábìlì wà lórí oníkálùkù. "Ṣé mo gbàgbé nǹkan sí ọ lọ́wọ́ tí o fi ń tọ̀ mí lẹ́yìn ni?"

"Ta ló ń tọ ta lẹ́yìn? Ìwọ lo dúró sí ẹnu ọ̀nà bí bọ́dè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jẹ́jẹ́ délé, tó tún rò ó, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Nǹkan kan wà tí Jẹ́jẹ́ ní tí Onírúlà kò ní. Fóònù ni. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà fún un ní nọ́ńbà wọn kó máa bá wọn dáhùn. Oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, akunlé wà níbẹ̀, alágbàtà ilé, akẹ́rù, akanlé, àti obìnrin tó ń tọ́jú ọgbà òdòdó. Bó bá gbé fóònù kan, á di akọ̀wé akunlé. Tó bá gbé èkejì, á di ti alágbàtà. Àwọn tó ń pè rò pé ọ́fíìsì ńlá ni, pé kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Ohùn obìnrin yìí ló fà á. Ọlọ́run dìídì fi oyin pò ó. Akunlé fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọkùnrin kan pè láti bú òun nítorí ọ̀dà tó ń ṣí, pé kí Jẹ́jẹ́ tó dákẹ́, ọkùnrin náà ti ní kí òun wá kun ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀ náà.

Ohùn yẹn ni ṣọ́ọ̀bù náà. Yọ ohùn kúrò, ó ku tábìlì.

Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn Onírúlà, wọ́n á máa gun òkè lọ. Onírúlà á jókòó, á máa wò wọ́n. Ojú rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń ba Jẹ́jẹ́ lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Jẹ́jẹ́ rí ìlà ẹfun kan lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ó gún régé. Ó fi omi fọ̀ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlà náà ti padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó bá àfòpiná kan tó kú sórí fóònù alágbàtà, apá rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ bí ìwé tí wọ́n ṣí. Ọjọ́ kẹrin, òmíràn. Fèrèsé sì wà ní títì.

"Kòkòrò lásán kú," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ọkọ rẹ̀ ń tún agogo ọwọ́ ṣe, kò sì gba ohunkóhun gbọ́ tí kò bá ní wíìlì kékeré nínú. "Bóyá ó fẹ́ pe ilé rẹ̀ ni."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò mọ obìnrin yẹn."

"Ọdún méjìlélógún ni ìwọ fi mọ̀ ọ́. Kí lo rí?"

 Láti ọjọ́ náà, bí Onírúlà bá kí Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́ kì í dáhùn mọ́. Á gbé orí sókè, á kọjá. Onírúlà á pè é láti ìsàlẹ̀ nígbà mìíràn, "Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́ o!" Jẹ́jẹ́ á ti ilẹ̀kùn. Wọn kì í jẹ́ ìpè ẹni tó ń fa ìlà síni lọ́nà.

*

Ọjọ́ Ajé ni ìwé náà dé. Rárá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Òjò ti ṣú láti òwúrọ̀, kò rọ̀.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan gun àtẹ̀gùn wá, ó dé fìlà dúdú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò jókòó. Kò wo ojú Jẹ́jẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́," ló wí, ó na ìwé kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sí i. "Ẹ̀dà méje. Màá padà ní aago mẹ́rin."

"Kò burú, bàbá."

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró. "Wọ́n ti bá yín sọ ọ́ ná, àbí?"

Fóònù akẹ́rù ń dún. Jẹ́jẹ́ kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ojú ti máa ń tì í láti sọ fún oníbàárà pé nǹkan kan kò yé òun, nítorí ìwé mẹ́fà yẹn. Ó mi orí. "Wọ́n ti sọ ọ́, bàbá. Ẹ má ṣèyọnu."

Ọkùnrin náà lọ. Jẹ́jẹ́ dá akẹ́rù lóhùn, ó fi fóònù sílẹ̀, ó gbé ìwé náà síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì.

*Òkúta inú odò, wọ́n pè ọ́ láàárọ̀, o ò dáhùn. Wọ́n pè ọ́ lọ́sàn-án, o ò dáhùn. Wọ́n fi orúkọ ìyá rẹ pè ọ́, o fi ẹ̀yìn lélẹ̀, o ń wo omi.*

Ó rò pé eré àwọn ọmọ iléèwé ni. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

*Ẹnu tó kún fún omi kì í jẹ́jọ́. Ẹnu tó kún fún iyanrìn kì í kọrin.*

Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Ó gbé ojú sókè, gílóòbù ń tàn. Ó padà sídìí iṣẹ́.

*Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ kà mí dé òpin, kó wá bá wa jókòó nísàlẹ̀ odò.*

Ó kà á tán. Fáànù dúró. Iná kò lọ o. Gílóòbù wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Fáànù nìkan ló dúró, bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Aago mẹ́rin lù, ọkùnrin náà kò wá. Aago márùn-ún. Nígbà tó di aago mẹ́fà, Jẹ́jẹ́ kó ẹ̀dà méjèèje sínú dúróà, ó lọ sílé. Ọ̀fun ń yún un lọ́nà.

*

Lówùúrọ̀, fóònù akunlé ló kọ́kọ́ dún. Ó gbé e, ó ya ẹnu láti sọ pé ẹ káàárọ̀ o.

Atẹ́gùn ló jáde.

Ó tún gbìyànjú. Ọ̀fun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ahọ́n rẹ̀ ń yí, ohun gbogbo wà ní ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò sí níbẹ̀. Bí ẹni ṣí ìkòkò tó mọ̀ pé òun gbé ọbẹ̀ sí, tó bá ìdí ìkòkò.

"Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò? Ta ló ń mí sí mi létí níbẹ̀ yẹn?" Ẹni tó pè náà já a.

Ní ọsibítù, dókítà tan iná sí i lọ́nà ọ̀fun, ó ní ọ̀nà ọ̀fun náà mọ́ bí ilé ẹni tó ń retí àlejò. Ó ní kó lọ sinmi. Ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní Ọlọ́run ti dá àwọn ọkọ lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é, kò já geere. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kàn jókòó, ó ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀, agogo ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún un ṣe.

Obìnrin ọlọ́gbà ló kọ́kọ́ gba nọ́ńbà rẹ̀ padà. Akanlé tẹ̀ lé e. Akunlé wá fúnra rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Màámi, mo lè mú un mọ́ra títí di ìparí oṣù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ omi."

Jẹ́jẹ́ kọ ọ́ sórí ìwé: *Omi wo?*

"Wọ́n ní bí omi tó ń ṣàn lórí òkúta."

Nígbà tí akunlé lọ tán, ó yọ ìwé ọkùnrin onífìlà jáde nínú dúróà. Ó gbé e sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó rí àpá pẹ́ńsùlù tí wọ́n ti fi rọ́bà pa rẹ́. Ìlà tó gún régé. Ìlà tí rúlà fà.

 Láyé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń fa ìlà kó tó kọ̀wé, tó sì ń pa á rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni náà ló sì mọ̀, ju ọkọ rẹ̀ pàápàá lọ, pé Jẹ́jẹ́ kò lè tẹ̀wé kó má fi ẹnu kà á.

*

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ń gbé ìlú mìíràn, dé pẹ̀lú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ó ka ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Àǹtí mi, mo sọ fún yín lọ́jọ́ kìíní pé tábìlì méjì kì í wọ ilé kan. Ẹ dìde. Mo mọ ẹnìkan."

Káfíńtà ni ẹni náà. Ó ń kan àga àti ibùsùn lẹ́yìn ìlà ilé kan, igi tútù ń rùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń lọ bá a láìmú igi lọ, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. Kò gba ìkíni wọn. Ó ń fá pákó, ó sì ń bá a lọ. Àbúrò na ìwé náà sí i. Kò kà á. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà kíákíá.

"Ọwọ́ ló fi tẹ̀ ẹ́, àbí ẹnu?"

"Ẹnu, bàbá," ni àbúrò dáhùn. "Ẹnu ẹ̀ kì í sinmi láti kékeré."

Jẹ́jẹ́ wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Ó kà á dé òpin?"

Jẹ́jẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ Káfíńtà dúró lórí pákó.

"Ká ní ó ku ìlà kan ni." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi padà. "Ṣé o mọ ẹni tó rán an?"

Ó mi orí.

"Mi ò ní ṣé o rò ó. Mo ní ṣé o mọ̀ ọ́n. Igi tí mo bá ti rẹ́, mi ò mọ bí wọ́n ti ń so ó padà."

Jẹ́jẹ́ mi orí lẹ́ẹ̀kẹta, ó mì í gan-an, débi pé gèlè rẹ̀ tú.

Káfíńtà wọ inú ilé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ohun kan ń ṣubú lu ohun kan nínú lọ́hùn-ún, kò sì jọ igi. Nígbà tó jáde, ó mú àjákù ìwé kan lọ́wọ́ tó fi pẹ́ńsùlù káfíńtà kọ nǹkan sí, ìlà mẹ́rin péré.

"Fi í sáàárín ọ̀rọ̀ mìíràn kó má hàn. Di ẹnu rẹ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Kí òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ kà á dé òpin. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn á wọlé bá ọ."

Iṣẹ́ kù síbẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mú Onírúlà kàwé sókè? Ẹni tó bá ń tẹ̀wé, tí ètè rẹ̀ pa dé bí àpò tí wọ́n fi okùn fún! Odindi ọjọ́ méjì ni Jẹ́jẹ́ fi jókòó, tó ń ro ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tí ògiri ti là. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí i.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wọn. Bí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ tẹ ìka sí àdéhùn, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé *a kà á sí i létí, ó sì yé e*. Ọ̀pọ̀ ń fò ó. Onírúlà kì í fo ìlà kan. Kódà bí ilé bá ń jó.

Jẹ́jẹ́ fi gèlè di ẹnu, ó so ó lẹ́yìn orí, ó sì tẹ àdéhùn ìháyà yàrá ìránṣọ kan. Ó fi ìlà mẹ́rin Káfíńtà sáàárín rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń kọsẹ̀ nítorí pé ẹnu kò lè ràn án lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́ta ló gbà á. Òógùn bò ó.

"Kò ní dá mi mọ̀," ni àbúrò wí, ó ń di òwú tí Káfíńtà fún un sí etí. "Ìgbà tó rí mi gbẹ̀yìn, ọyàn ò tíì yọ láyà mi."

*

Ọ̀sán ni. Jẹ́jẹ́ jókòó sí ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, níbi tí ojú ti lè ríran láàárín irin. Ilẹ̀kùn Onírúlà ṣí sílẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mi ò kàwé, màámi," ni àbúrò wí. "Ẹ bá mi kà á kí n tó tẹ̀ka."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ jókòó dáadáa. Tí ibì kan ò bá yé yín, ẹ sọ̀rọ̀."

Ohùn Onírúlà tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán, ó ń gé ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni fi abẹ gé e. Ó ń kà. Ó ka orúkọ onílé, ó ka iye oṣù.

"Ṣé ó yé yín?"

Àbúrò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n dúró ni?"

Àbúrò tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Onírúlà dúró. Àbúrò náà dúró. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn. Lórí àtẹ̀gùn, Jẹ́jẹ́ bu ìka ara rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àbúrò fi ọwọ́ ṣe é pé kó máa bọ̀, Onírúlà sì gbé ìwé náà padà.

"Pé ayálégbé kò gbọdọ̀ dáná nínú yàrá náà. Pé odò tó gba ohùn ni yóò tún gba ohùn. Pé..." Ó tún ìlà náà wò. "Irú àdéhùn wo nìyí? Ta ló bá yín tẹ èyí?"

Àbúrò kò gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

 Onírúlà gbé ìwé náà lélẹ̀, ó tún gbé e. "Ohun téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà síni létí, wọn kì í dá a dúró lágbedeméjì," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń kà á lọ.

Ohun tútù kan gun ahọ́n Jẹ́jẹ́. Lójú kan náà, kò mọ ohun tó ṣe é, ó fẹ́ kígbe pé kó dúró. Ó dìde pàápàá. Ó ya ẹnu.

Kò sí ohùn láti fi kígbe.

Onírúlà kà á dé òpin.

*

Lówùúrọ̀, ọkọ rẹ̀ gbé ife tíì wá. "Ṣé kí n fi ṣúgà sí i?" ló béèrè. Kò retí èsì. Ó ti mọ́ ọn lára.

"Ẹ fi méjì sí i."

Ife bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ kọ́ nìyẹn."

Òun kọ́ nìyẹn lóòótọ́. Ohùn náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dúró ṣánṣán. Ó ń gé ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni fi abẹ gé e. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ọkọ rẹ̀ sì rọra fẹ̀yìn rìn títí tó fi fara kan ògiri.

Ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ilẹ̀kùn Onírúlà wà ní títì, aṣọ fèrèsé wà nílẹ̀. Lókè, fóònù alágbàtà dún. Ó gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ o, iléeṣẹ́ alágbàtà nìyí."

"Háà, Sísì Onírúlà!" ni ẹni náà wí. "Ẹ ti kó lọ sókè? Ó ga! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ méjèèjì ti ń ṣe é pọ̀ báyìí. Ó mà dára o."

*

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin onífìlà dúdú gun àtẹ̀gùn wá. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ó ń tiro. Ó ní ọ̀kadà gbá òun lọ́jọ́ tí òun jáde níbẹ̀, pé orí ibùsùn ni òun wà láti ọjọ́ náà.

"Ta lẹ jẹ́?" ni Jẹ́jẹ́ béèrè. "Ta ló rán yín sí mi?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ilẹ̀kùn, bí ẹni tó rò pé òun ṣi yàrá wọ̀. "Olùkọ́ ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mò ń kó ọ̀rọ̀ ìyá ìyá mi jọ sínú ìwé ni. Kò sí ẹni tó rán mi. Ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Ìkọ̀wé mi ò ṣeé kà, Sísì ìsàlẹ̀ ló bá mi tún un kọ kó lè mọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà òun bàjẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun wà lókè tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju tòun lọ, pé iṣẹ́ náà tọ́ sí i."

Jẹ́jẹ́ di tábìlì mú.

"Mo wá sọ fún un pé wọn kì í fi ẹnu ka èyí, pé ìyá ìyá mi kìlọ̀ fún wa. Ó ní ẹ̀yin gan-an máa ń fi ètè kàwé. Ó ní òun á pè yín, òun á bá yín sọ ọ́ kó tó di pé mo gun òkè. Èmi náà sì bi yín." Ó ń wo ojú rẹ̀ dáadáa báyìí. "Mo bi yín bí wọ́n bá ti bá yín sọ ọ́, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

*Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́ o!* Ó rántí ìpè náà. Ó rántí ọwọ́ ara rẹ̀ lórí kọ́kọ́rọ́.

Àbí irọ́ ni bàbá yìí ń pa? Ìyẹn náà wá sí i lọ́kàn. Bóyá àwọn méjèèjì ló jọ dì í. Ó wo fìlà rẹ̀, ó wo báńdéèjì rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó ti jẹ. Kò rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà kò gba ẹ̀dà méjèèje. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ohùn rẹ̀, ó ní kó sun wọ́n. Ó yára sọ̀ kalẹ̀ ju bó ti gòkè lọ.

*

Káfíńtà gbọ́ ohùn náà, kò béèrè ẹni tó ni ín.

"Ó ṣeé yí padà?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ìwé tí mo kọ ìlà mẹ́rin sí yẹn náà ni. Kí o kà á sí i létí, dé òpin. Kó jókòó síwájú rẹ, kó máa wo ẹnu rẹ bí o ti ń kà á. Tí oòrùn Ọjọ́ Ẹtì bá wọ̀ kí o tó kà á, ó ti di tìrẹ títí láé."

"Èmi ńkọ́?"

Ó fẹ́ eruku igi kúrò lórí pákó. "Ìwọ á padà síbi tí o wà, láìní ohùn."

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà gan-an. Kò yẹ kó dùn mọ́ ọn láti máa ronú sí i, ṣùgbọ́n ó ronú. Akunlé ti ní òun á dúró. Akẹ́rù ti ní ohùn tuntun náà dára, pé ó ń jọ ti ọ̀gá. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó rìn já títì mẹ́ta, ó ń rò ó. Ó dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ó ń rò ó. Lẹ́yìn náà, ó rí Onírúlà láàárín aṣọ fèrèsé, fún ìṣẹ́jú kan péré. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó dojú kọ tábìlì kan tí kò sí ẹnìkan nídìí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí.

Jẹ́jẹ́ mú ìwé náà jáde nínú àpò. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ṣílẹ̀kùn," ló wí. "Èmi ni."

Ìró ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó dúró.

"Èmi ni, jọ̀ọ́. Jẹ́jẹ́ ni. Mo ṣe ohun tí kò dáa, mo fẹ́ tún un ṣe. Ìwé kan ni mo fẹ́ kà fún ọ."

Ó gbọ́ ara rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ó gbọ́ ohun tí obìnrin inú ilé náà ń gbọ́: ohùn tirẹ̀ gan-an, ohùn tó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò bá a lọ́nà ọ̀fun, ohùn náà ló dúró síta, tó ń kanlẹ̀kùn, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wọlé.

Oòrùn ti fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Ó kù bí ìbú ọwọ́ lára ògiri.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Jẹ́jẹ́ ké, omi ń dà lójú rẹ̀, "nítorí Ọlọ́run, ṣílẹ̀kùn, kò sí àyè mọ́!"

Ohun kan ń mì nínú yàrá. Ohun tó wúwo. Ó rò pé wọ́n ń yọ irin ìdábùú ilẹ̀kùn, ó sì ṣí ìwé náà sílẹ̀, ó wá ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ọ dáadáa. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ń họ ilẹ̀ bọ̀, díẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú èémí ẹni tó ń lo gbogbo agbára rẹ̀. Tábìlì ni. Onírúlà ń ti tábìlì rẹ̀ bọ̀ wá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó fi í dí ilẹ̀kùn pa.